Kí Ẹ Tó Pe Ọmọ Náà Ní Olódo: Bí A Ṣe Ń Ran Ọmọ Tí Ẹ̀kọ́ Ṣòro Fún Lọ́wọ́

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, kíláàsì kẹta ló wà. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì, níbi tí a ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ àwọn tó ń kó obì lọ sí Sábó ní Ṣágámù. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ "ẹja", yóò kọ "ẹyà". Bí mo bá bi í ní ìbéèrè, ẹnu mi ni yóò kàn máa wò. Mo pè é ní olódo lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo nà án. Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí òrùlé ẹ̀yìn ń jò, mo ní kó wá jókòó síwájú mi. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọyún ti gbẹ mọ́ ẹnu ihò etí rẹ̀ ọ̀tún, ó sì ń rùn. Ìyá rẹ̀ ní ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ náà kì í gbọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń nà án, kò gbọ́ ohun tí mo sọ ni.

Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Ohun tí mo kọ síbí ni ohun tí mò ń ṣe láti ọjọ́ náà wá, bí mo ṣe ń ṣe é tẹ̀ lé ara wọn. Mo kọ ọ́ fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Bí gọ́tà bá kún, a kì í bínú sí omi, ibi tó ti dí la máa ń wá lọ. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò wọlé sí létí náà ní ibi tó ti dí, ibẹ̀ la sì fẹ́ wá.

1. Ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó sọ ohunkóhun

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, kí ẹ kọ orúkọ ọmọ náà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Òbí lè ṣe é nílé, tíṣà lè ṣe é ní kíláàsì. Bí àwọn méjèèjì bá ń ṣe é, ó tún dára jù. Ohun tí ojú yín rí gan-an ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ẹ rò. "Kò ní ọpọlọ" kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fojú rí. "Ó ka ìlà kìíní, ó fo ìkejì, ó ka ìkẹta": èyí la fojú rí.

Ìwé tí mo kọ nípa Kẹ́hìndé kan, tí Táyé rẹ̀ mọ̀wé dáadáa, lọ báyìí:

Ọjọ́ Ajé: mo ní kó kọ "baba", ó kọ "dada".
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ó sọ ìtàn Ìjàpá àti Yánníbo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbàgbé orin inú rẹ̀ kankan.
Ọjọ́rú: mo ní kó mú ìwé rẹ̀, kó ṣí ojú ewé 12, kó kọ déètì. Ìwé nìkan ló mú.
Ọjọ́bọ̀: ìṣirò ẹnu, ó gba gbogbo rẹ̀. Ìṣirò inú ìwé, ó gba méjì nínú mẹ́wàá. Ó kọ 21 síbi tó yẹ kó kọ 12.

Ẹ tún un kà. Ọmọ tó mọ nǹkan ni, àmọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà ń dí i lọ́nà. Ká ní mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ ni, "ó gba méjì nínú mẹ́wàá" nìkan ni ǹ bá máa rántí.

Ẹ fiyè sí i bóyá ó lè da ohun tó wà nínú ìwé ẹnìkejì rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n tí kò lè da èyí tó wà lára bọ́ọ̀dù kọ. Bóyá ó máa ń yí ẹ̀gbẹ́ orí kan sí yín bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Bóyá ó jẹun kó tó wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń pè ní ọ̀lẹ, ebi ló ń pa wọ́n ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọ̀kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹ gbójú fò: ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, tó kàn dákẹ́ lójijì, tí ojú rẹ̀ dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tó wá ń bá ohun tó ń ṣe lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. A máa ń ní ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Irú wárápá kan wà tó ń ṣe báyìí, tí ọmọ kò ní ṣubú, tí kò sì ní yọ ìfófòó lẹ́nu. Ó lè ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, gbogbo ìgbà tó bá sì ṣe é ni ẹ̀kọ́ ń kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n ní oògùn rẹ̀ nílé-ìwòsàn.

2. Etí àti ojú ló ṣíwájú

Kí ẹ tó san owó lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún, ẹ yẹ méjèèjì yìí wò. Kò ná yín ní kọ́bọ̀ láti bẹ̀rẹ̀.

Fún etí: ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ náà, ní ìwọ̀n gígùn apá kan, kó má baà rí ẹnu yín. Kó fi ìka di etí kan. Ẹ sọ nǹkan mẹ́ta wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹní ń sọ̀rọ̀ àṣírí: "mẹ́ta, ẹja, ṣíbí." Kó tún un sọ. Ẹ yí i padà sí etí kejì, kí ẹ sì lo ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí kò bá gbà ju ẹyọ kan lọ lẹ́yìn ìgbà méjì, ilé-ìwòsàn yá.

Fún ojú: ẹ ya lẹ́tà E sórí páálí lọ́nà mẹ́rin, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Ẹ jìnnà sí i ní mítà mẹ́fà, kí ó máa fi ìka júwe ibi tí ẹnu lẹ́tà náà kọjú sí, kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, kó tó bo èkejì. Ẹ fi ọmọ mìíràn tó ríran dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí èyí bá ń rí ohun tí tiyín kò rí, ẹ ti ní ìdáhùn.

Bí etí bá ń ṣọyún, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da òróró, kẹrosíìnì, omi ewé tàbí omi ọyàn sí i. Ẹ má ṣe fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi ìṣáná ró o. Ẹ lọ́ aṣọ òwú tó mọ́ tónítóní bí òwú àtùpà, ẹ fi sí ẹnu ihò etí náà kó fa ọyún, ẹ yọ ọ́, ẹ mú òmíràn, títí èyí tí ẹ yọ yóò fi gbẹ. Kí omi má wọ̀ ọ́ bó bá ń wẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ. Ilé-ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ wà ní Ṣágámù, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn, ilé-ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ mú ìwé tí ẹ ti ń kọ nǹkan sí dání, dókítà yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ọmọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, etí òsì rẹ̀ dára, ọ̀tún ni kò gbọ́ dáadáa mọ́. Mo gbé e síwájú, ní apá ọ̀tún kíláàsì, kí etí òsì rẹ̀ lè kọjú sí mi. N kì í kọjú sí bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ mọ́. Màá kọ̀wé tán, màá yíjú padà, kí n tó sọ̀rọ̀. Ohun tí mo yí padà kò ju méjì yìí lọ. Ó wọ sẹ́kọ́ńdírì.

3. Bí ẹ ṣe máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má ṣe sọ ọ́ lẹ́nu géètì lójú àwọn ìyá yòókù. Ẹ má sì ránṣẹ́ pè é ní ọjọ́ ọjà rẹ̀. Ẹ lọ bá a, tàbí kí ẹ dá ọjọ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

"Ẹ káàsán mà, Ìyá Ìbejì."

"Káàsán, Anti. Kí ni Kẹ́hìndé tún ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan mà. Mo ní kí n wá sọ fún yín pé òun ló mọ ìtàn sọ jù ní kíláàsì wa."

Ó gbé owó tó ń kà sílẹ̀. Ó wò mí títí, ó wá fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi pé kí n jókòó. Láti ọdún mẹ́ta tí ọmọ yẹn ti ń lọ sílé-ìwé, kò sí tíṣà kan tó wá sọ nǹkan rere nípa rẹ̀ fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ṣí ìwé mi.

Ẹ bi í ní àwọn nǹkan wọ̀nyí pẹ̀lẹ́: ṣé ọmọ náà tètè ké nígbà tí ẹ bí i? Ṣé ojú àti ara rẹ̀ pọ́n bí àwọ̀ àtalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Ṣé gìrì ti gbé e rí? Ìgbà wo ló rìn, ìgbà wo ló sọ̀rọ̀? Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí, lọ́dọ̀ bàbá tàbí lọ́dọ̀ ìyá, ní irú ìṣòro yìí pẹ̀lú ìwé? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí ìṣòro ìwé kíkà tí wọ́n ń pè ní dyslexia máa ń rin ìdílé. Ní ti Kẹ́hìndé, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá wọn náà nìyẹn. Orí ló fi ń ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀, ẹ má fún un ní ìwé kà." Bàbá yẹn ti gbà láti kékeré pé òun kò lórí ìwé. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ní kí n tún un sọ.

Ìyá ọmọ yóò ti gbọ́ oríṣiríṣi: pé emèrè ni, pé wọ́n ti jí ọpọlọ rẹ̀ lọ, pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ má bá a jiyàn lórí ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹ ní kó máa gbàdúrà lọ, kí ẹ jọ máa lọ sílé-ìwòsàn. Èyí tí n kò ní gbà ni kí wọ́n fi ebi pa ọmọ tàbí kí wọ́n de ọmọ mọ́lẹ̀ nítorí ìwòsàn. Ibi tí mo bá ti gbọ́ ìyẹn, n kì í dákẹ́.

4. Ìwé kíkà fún ọmọ tí lẹ́tà ń rú lójú

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ẹ fara balẹ̀.

Èdè Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kódà bí ilé-ìwé bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn. Lẹ́tà Yorùbá kì í yí ohùn rẹ̀ padà: "b" ni "b" níbikíbi, "ẹ" ni "ẹ". Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tí lẹ́tà ti ń dà láàmú kò sì yẹ ní ẹni tí a ó fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ fún. Àwọn òbí máa ń bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ yóò bàjẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má kọ́ ọ ní "b" àti "d" lọ́jọ́ kan náà láé. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì gbáko ṣe "b" nìkan. Ẹ da yanrìn tó gbẹ sínú téè, kí ó fi ìka kọ ọ́ tóbi, kí ẹnu rẹ̀ máa pè é bí ìka ṣe ń lọ. Ìka, etí, ojú àti ẹnu ń kọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá gbàgbé, òmíràn á rán an létí. Bí "b" bá ti dúró dáadáa, ẹ wá mú "d". Kí ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, kó na àtàǹpàkò sókè, kí ẹ̀yìn ìka ọwọ́ méjèèjì kanra: ọwọ́ òsì dà bíi "b", ọwọ́ ọ̀tún dà bíi "d". Kẹ́hìndé ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì kó tó kọ ọ́. Mo mọ̀, mo sì ń dá a lára yá.

Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú sílébù: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Ẹ gé páálí bisikíìtì sí wẹ́wẹ́, sílébù kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó máa tò wọ́n di ọ̀rọ̀: bà-tà, bà-tá, i-bà, i-bi. Ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò kì í tètè sá lọ.

Àmì ohùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń bẹ̀rù, àwa tíṣà náà kì í sì ní sùúrù fún un. Ẹ má fi ojú kọ́ ọ, etí ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Ẹ fi ìka lu tábìlì tàbí kí ẹ kùn ún ní imú, bí onígángan ṣe ń fi ìlù sọ̀rọ̀: dò, re, mí. Ẹ wá mú ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ ọdẹ, àti ọkọ ìyàwó. Ẹ kùn wọ́n láìsọ wọ́n, kí ó sọ èyí tí ẹ kùn. Ọmọ tí kò lè rí àmì lórí ìwé lè gbọ́ ọ kedere. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fi ohun tó gbọ́ hàn án lórí ìwé. Ẹ rántí pé èdè mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé dání: Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tí ìyá àgbà ń sọ, Yorùbá inú ìwé, àti Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá pe ọ̀rọ̀ kan bí ìyá àgbà ṣe ń pè é, kò ṣì í. Ẹ sọ fún un pé bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyẹn, kí ẹ wá fi ti inú ìwé hàn án.

Bó bá ń fo ìlà, ẹ gé ihò gbọọrọ kan sára páálí, tí ìlà kan ṣoṣo yóò fi yọ. Kó máa sún un wálẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ tó. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì ń gbádùn rẹ̀. Bí yóò bá kàwé sókè ní kíláàsì, ẹ ti sọ ibi tí yóò kà fún un lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó lè fi í dánra wò nílé. Ẹ má ṣe dédé pè é dìde. Nígbà ìdánwò, ẹ jẹ́ kó fi ẹnu dáhùn àwọn kan, kí ẹ̀yin kọ ọ́. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì la fẹ́ wò nínú ìdánwò sáyẹ́ǹsì, a kò wo ọwọ́ ìkọ̀wé.

5. Ìṣirò

Ọpọ́n ayò wà nílé bàbá àgbà. Ilé méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀: ìlọ́po, ìpín àti àyọkúrò ló wà níbẹ̀ yẹn, ọwọ́ ọmọ sì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa bá yín fún oníbàárà ní ṣéńjì. Ohun tí ọwọ́ bá ti kà ni kí ẹ tó gbé lọ sórí ìwé.

6. Ọmọ tí kò lè jókòó sójú kan

Ohun kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ máa sọ fún un. "Mú ìwé rẹ." Ó mú un. "Ṣí ojú ewé 12." Ẹ gbé e jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ fún un níṣẹ́ tí ara rẹ̀ yóò fi nà: kó nu bọ́ọ̀dù, kó pín ìwé, kó lọ bu omi. Bó bá fẹ́ dúró ṣiṣẹ́ rẹ̀ lórí ìdúró, ẹ jẹ́ kó dúró. Pàṣán máa ń mú un jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì máa ń lé ẹ̀kọ́ kúrò lórí rẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ náà. Mo ti ṣe é, mo mọ̀.

7. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í wojú ẹni

Bí ọmọ bá pé ọdún méjì tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan, tàbí tó ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ tó wá dáwọ́ dúró, ẹ má dúró de "bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀." Ẹ yẹ etí rẹ̀ wò, kí ẹ sì bi dókítà bóyá autism ni, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, tó máa ń mú kí ọ̀rọ̀ sísọ àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú èèyàn ṣòro fún ọmọ. Ilé-ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àrùn ọpọlọ, ń tọ́jú àwọn ọmọdé pẹ̀lú. Kí orúkọ ibẹ̀ má bà yín lẹ́rù.

Ní kíláàsì, ẹ ya àwòrán ohun tí a ó ṣe lóòjọ́ tẹ̀ lé ara wọn: àdúrà, ìwé, oúnjẹ, eré, ilé. Kí ó máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó bá ti kọjá. Ìyípadà òjijì àti ariwo ló máa ń dà wọ́n láàmú jù. Bí ẹ bá fẹ́ mú un lọ wo Òjúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ ti fi fọ́tò ẹṣin àti ìlù hàn án ṣáájú, ẹ fi òwú sí i létí nítorí ìbọn, kí ẹ sì mọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà jáde bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló máa ń fa omijé jù lọ. Ọmọ tí kò bá dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí àgbà, wọn yóò ní ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Ìyá kan kò lọ sí òde ẹbí mọ́ fún ọdún kan gbáko nítorí èyí. A pín ìkíni náà sí wẹ́wẹ́: ọ̀sẹ̀ kìíní, kó kàn dúró bí ó bá rí àgbà, ọ̀sẹ̀ kejì, kó tẹrí ba, lẹ́yìn náà, kó fi orúnkún kan kanlẹ̀. A kò tíì fi ọ̀rọ̀ ẹnu sí i títí di òní, a kò sì fipá mú un wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo bá ìyá náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, bó bá ti tẹrí ba, ó ti kí yín tán." Wọ́n gbà. Olórí ẹbí ló kọ́kọ́ dá a lóhùn pé, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi."

8. Bí ilé-ìwé bá ní àwọn kò gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀

Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi lójú nígbà tí mo tẹ̀ lé òbí kan lọ. Ẹ mọ ohun tí òfin wí kí ẹ tó wọlé. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3, di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ. Òfin ọdún 2018 tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin sẹ́kọ́ńdírì. Ó tún ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí wọ́n sì ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa títọ́ wọn. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́ ń kọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, pẹ̀lú sùúrù. Bí kò bá gbọ́, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ọmọ bá ń sún mọ́ WAEC, ẹ tètè béèrè nípa ìrànlọ́wọ́ wọn: wọ́n ń fún àwọn afọ́jú ní ìwé Braille àti àfikún àkókò, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ló gbọ́dọ̀ sọ fún wọn nígbà ìforúkọsílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ yọ ọmọ kúrò kó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ dára, mo sì mọ àwọn ọmọ tí ó gbé ga. Ṣùgbọ́n télọ̀ ń ka téèpù, rewáyà ń ka nọ́ńbà ara fiúsì. Kí ó máa kọ́ méjèèjì pọ̀.

9. Ẹ máa padà sínú ìwé yẹn

Ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí ojú ewé kìíní, kí ẹ fi wé ti ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ má fi wé Táyé. Ti ara rẹ̀ ni kí ẹ fi wé ti ara rẹ̀. Èyí tó ti dára, ẹ kà á fún un létí. Èyí tí kò yí padà lẹ́yìn táàmù kan, ẹ pa ọ̀nà yẹn tì, kí ẹ gbìyànjú òmíràn. Ohun tí mo kọ sí ìwé Kẹ́hìndé kẹ́yìn nìyí:

Ọjọ́ Ẹtì: ó dá ka ojú ewé kan láti òkè délẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ṣùgbọ́n" ni kò lè pè. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: ṣù-gbọ́n, nínú yanrìn.